Ẹnu Tí Hye-ran Là ní Ilé Yeosu

Goheung,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án, 2017

Hye-ran àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mi ò ní bi ọ́ bóyá o ń sùn, torí mo mọ̀ pé o ò sùn. Ikú ò dọ́jọ́, àrùn ò dóṣù, ṣùgbọ́n kí ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ara ẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, kó má dìde mọ́, ó ṣì ń ṣe mí bí irọ́. Pyo ọkọ ẹ, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá fẹ́ kí n fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ nìkan ló máa ń fi ohùn dídùn pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni Màmá. O mọ̀ pé yàrá kan náà la wà láti ìgbà tó ti ṣubú tí egungun ìbàdí ẹ̀ sì dá. Bí mo bá gbé fóònù báyìí, etí ẹ̀ á nà. Ojú ẹ̀ ń ṣókùnkùn lọ, etí ẹ̀ ń mú sí i. Mo sọ fún un pé ọkọ ẹ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú míì tí fóònù kì í wọlé dáadáa. Dókítà ní ohun tó bá lè já a láyà, ká gbé e jìnnà sí i. Nítorí náà, mo fẹ́ ká fi pamọ́ títí tí ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún ẹ̀ á fi kọjá. Ó ń sọ fún gbogbo obìnrin abúlé pé lọ́jọ́ náà, àna òun láti Amẹ́ríkà máa pọ̀n òun yí àgbàlá ká. Wọ́n ní ẹni tí kò bímọ ọkùnrin, ta ló máa pọ̀n ọ́n? Ó ní òun ní Pyo, ẹ̀yìn ẹ̀ sì gbòòrò ju ti ọmọ wọn lọ.

Mo gbọ́ pé àwọn tó ń sìnkú lọ́dọ̀ yín kì í fún opó ní píìnì aṣọ funfun tí a fi ń ṣọ̀fọ̀. Mo rán ọ̀kan, ó wà nínú ìwé yìí. Fi sírun ẹ, má yọ ọ́ títí di ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta tí ọ̀fọ̀ á parí. Ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ló bọ́ sí, mo ti fi ìka kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Má bi mí níbi tí mo ti rí aṣọ tí mo fi rán an. Ó dáa, màá sọ. Nígbà tí oṣù èlé, oṣù àfikún inú kàlẹ́ńdà òṣùpá, wọlé lọ́dún yìí, tí àwọn ẹ̀mí kì í ṣọ́ èèyàn, Màmá rán aṣọ ìsìnkú ara ẹ̀, ó sì kó ajẹ́kù aṣọ náà sínú àpótí. Ibẹ̀ ni mo ti gé e. Kò tó ìbú ìka méjì.

Kọ̀wé sí mi. Má sì jẹ́ kí ebi pa ọ́.

Ẹ̀gbọ́n ẹ,
Gop-dan


Duluth, lẹ́bàá Atlanta,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ìwé yín dé. Píìnì náà wà lórí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo ti padà síbi iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ yẹn náà ni, ìdí máṣíìnì yẹn náà. Lánàá, mo gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́kànlá, mo sì ká a, kò sí èyí tó wọ́. Ọ̀gá ní kí n lọ sinmi, mo ní rárá. Nílé, mo máa ń jókòó sórí àga, tí n bá tún wòye, ilẹ̀ á ti ṣú.

Kò dùn mí, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń dúró kó dùn mí, kò dùn mí. Mi ò tíì sunkún. Àwọn ará ìjọ rò pé mo lágbára. Oúnjẹ ò ní adùn kankan lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kan, mo da iyọ̀ sórí ahọ́n láti dán an wò. Mo mọ̀ pé iyọ̀ ni, torí mo rí ìgò ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù fún Màmá lọ́jọ́ Chuseok, ọdún ìkórè. Ẹ̀yin lẹ lè parọ́. Èmi, tó bá bi mí pé Pyo ńkọ́, ẹnu mi á kàn dákẹ́.

Àbúrò yín,
Hye-ran


Duluth,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ṣé àjíǹde ara ń jẹ́? Mi ò tíì rí èsì yín, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lánàá tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi.

Ìyá Ìjọ Bang, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àdúrà wa, wa mọ́tò dé iwájú ilé mi lọ́sàn-án. Ó fọn fèrè títí ajá aládùúgbò fi ń gbó. Mo yọjú lójú wíńdò. Ó ní, "Hye-ran, jáde. Bó o bá fẹ́ kú, kọ́kọ́ jẹun." Mo ní mi ò tíì múra. Ó ní, "Ta ló fẹ́ fẹ́ ọ? Wọ bàtà." Mo wọ bàtà.

Àwa márùn-ún la lọ. Ilé Yeosu la lọ, ilé oúnjẹ tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù dókítà eyín àti ti ẹni tó ń ta táyà. Ó kún fọ́fọ́. Àwọn kan ń ṣọjọ́ìbí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ míì ti gba gbogbo tábìlì tó wà lẹ́bàá ògiri. Wọ́n gbé èédú pupa sínú ihò tábìlì wa, wọ́n to àwọn abọ́ kéékèèké yí i ká, wọ́n gbé ẹran ìhà lé e. Ìyá Yuna, ọ̀kan nínú àwa márùn-ún, mú àlùmọ́gàjí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Bang wò ó títí. Ó ní, "Ogún ọdún tó o ti ń ránṣọ, o ò lè gé ẹran kó dọ́gba?"

Ìyá Yuna ní, "Ṣòkòtò kì í ta òróró sí mi lójú."

"Fún Hye-ran ní àlùmọ́gàjí yẹn. Òun ló mọ aṣọ gé."

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹran tí mo gé, bó bá wọ́, kó wọ́. Inú ni yóò lọ, kò sẹ́ni tó máa wò ó níbẹ̀."

Mo kàn ń wo iná. Mo fi ẹran kan sẹ́nu, mo jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ páálí. Ìgbà yẹn ni Ìyá tó ni ilé oúnjẹ náà fúnra ẹ̀ jáde láti ilé ìdáná, ó gbé abọ́ kan kalẹ̀ síwájú mi. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ti gbogbo ẹni tó bá wọlé. Dolsan lọ́dọ̀ wa nílé ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi." Kimchi ewé gat ni, Ẹ̀gbọ́n, ewé títa tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata rẹ. Irú èyí tí Màmá máa ń ṣe, tí títa ẹ̀ máa ń gba imú jáde. Mo mú ewé kan. Ó ta mí dé inú orí. Omi dà lójú mi, gbogbo wọn sì rò pé ẹkún ti dé. Ìyá Yeosu ní, "Ẹ gbà mí o. Bó bá jẹ́ pé kimchi mi ló ń pa opó lẹ́kún, mo máa gbé e wọlé padà."

Ni mo bá rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun gbogbo ní adùn. Bang fi ewé lẹ́tọ́ọ̀sì di ẹran àti ìrẹsì àti aáyù, ó tóbi bí ìkúùkù, ó ní kí n la ẹnu. Mo là á. Ẹnì kan ya fọ́tò. Mo jẹ ìrẹsì abọ́ kan, mo bu òmíì. Mo jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà títí mo fi ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo mu omi gbígbóná tí wọ́n fi rẹ èèpá ìrẹsì ìdí ìkòkò. Mo gbádùn ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń kọ ọ́ bó ṣe rí. Ọjọ́ kẹrìndínlógójì tí ọkọ mi kú, mo gbádùn oúnjẹ ọ̀sán.

Nígbà tí wọ́n máa fi gbé mi délé, gbogbo ẹ̀ ti padà kú. Ó tó wákàtí kan àbọ̀ tí mo fi wà láàyè. Ṣé èèyàn burúkú ni mí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Hye-ran


Goheung,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹwàá

Hye-ran,

Mo kí ọ. Mi ò kí ọ púpọ̀.

Fọ́tò ẹ ti dé abúlé kí ìwé ẹ tó dé. Bang tí ẹ jọ ń ṣe ìjọ, àbúrò ìyá Ìyá Deok-man tó wà lójúlé kejì sí wa ni. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Inú oko aáyù ni mo wà tí Ìyá Deok-man fi sáré wá, ó ní, "Wo àbúrò ẹ o. Ó jọ pé Amẹ́ríkà ń tọ́jú opó ju tiwa lọ."

Mo wò ó. Píìnì funfun lórí, ẹran lẹ́nu. O la ẹnu débi pé mo lè ka eyín ẹ. Obìnrin kan ń fi oúnjẹ sí ọ lẹ́nu bí ìyàwó tuntun, àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ kẹrin ṣáájú ìgbà yẹn ni Chuseok. Màmá wọ aṣọ ẹ̀ tó dáa jù lọ, ó gbé fóònù lé ẹsẹ̀ láti àárọ̀, ó ń dúró dè ọ́. Mo ní kò sí ìlà, mo ní ìjì ń jà ní Amẹ́ríkà. Ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ òrùlé yín. Èmi ń parọ́ níhìn-ín, ìwọ ń jẹ ẹran lọ́hùn-ún.

O kọ̀wé sí mi pé oúnjẹ ò ní adùn lẹ́nu ẹ, mo sì sunkún nítorí ẹ. Ṣé irọ́ ni o pa fún mi ni? Kò ju ọjọ́ mẹ́tàlá lọ tó kù lọ́jọ́ yẹn kí ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta pé. Ọmọ ènìyàn ò lè pa ẹnu dé fún ọjọ́ mẹ́tàlá? Tó o bá fẹ́ jẹ ẹran, jẹ ẹ́ nínú ilé ẹ, kó o ti ìlẹ̀kùn. Bí o kò bá lè sunkún, má rẹ́rìn-ín.

Mo ti bẹ Ìyá Deok-man kó má fi fọ́tò náà han ẹnikẹ́ni. Ó ní òun gbọ́. Ẹnu tí mo fi bẹ̀ ẹ́ ṣì ń korò.

Gop-dan


Duluth,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀. Ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá, ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta gan-an.

Òótọ́ lẹ sọ. Mi ò ní àwíjàre kankan. Mo yọ píìnì náà ní ọ̀sán lẹ́yìn tí mo gbàdúrà, mo fi í sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì Pyo kan.

Mi ò ní lọ mọ́. Bang tún wá láàárọ̀ yìí, ó fọn fèrè. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná kó má baà rí orí mi, títí ó fi lọ. Ìyá Yeosu fi ìgò kimchi ewé gat kan rán an, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ ọ́ nù láìṣí i. Ìrẹsì tútù ni mò ń jẹ, mo máa ń da omi lé e, mo sì máa ń wà lórí ìdúró jẹ ẹ́. Ó tó mi. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé kó máa fún mi níṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé náà.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún un pé Pyo kí i. Ẹ rí i pé èmi náà ti ń kọ́ irọ́ pípa.

Hye-ran


Goheung,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá

Àbúrò mi,

Mo kí ọ láti ọkàn mi wá. Ìwé ẹ tó sọ nípa oúnjẹ ọ̀sán yẹn dé lẹ́yìn tí tèmi ti lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e dé lánàá. Mo ka méjèèjì títí wọ́n fi fẹ́ ya. Ká ní mo dúró di ọjọ́ márùn-ún sí i kí n tó mú bírò, ohun tí mo kọ yẹn, mi ò bá tí kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti fọ́ ná.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Tiwa ò pé oṣù méjì. Lọ́jọ́bọ̀, Màmá lọ sí gbọ̀ngán àwọn àgbà. Ó ń ráhùn pé o ò pe òun, pé bóyá o ti rù. Ìyá Deok-man fẹ́ ṣe é lóore. Ó ní, "Ta ló rù? Ẹ wo bó ṣe ń jẹun." Ó gbé fọ́tò náà sí i lójú. Ẹran ló ń wò tiẹ̀, kò wo píìnì orí ẹ rárá. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí ó fi tóbi, Màmá gbé e sún mọ́ imú, ó pẹ́ lórí ẹ̀. Ó kàn sọ pé, "Ó jẹun lóòótọ́." Ó dá fóònù padà.

Nígbà tó délé, ó ṣí àpótí, ó kó ajẹ́kù aṣọ yẹn jáde, ó fi ìka wọ̀n ọ́n. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mi ò lè wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe àkàrà ìrẹsì pé kó má ṣe wàhálà mọ́, kò ní sí ayẹyẹ. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, lórí oúnjẹ, ó ní, "Gop-dan, bàbá ẹ ti kú tipẹ́, èmi sì wà níbí. Ta ni Hye-ran ń ṣọ̀fọ̀? Ṣé Pyo ni?"

Mo ní, "Òun ni, Màmá."

Ó ní kí n sún ọbẹ̀ mọ́ òun. Ó jẹun tán, ó fọ abọ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin báyìí, kò tíì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Jọ̀ọ́, gbé fóònù ẹ. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láàárín ọjọ́ méjì. Bang sọ fún Ìyá Deok-man pé o ti rù débi pé bẹ́líìtì ẹ ti yí ẹ po lẹ́ẹ̀mejì, àti pé o ò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi ni mo ní kó o tì í. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì rí oorun sùn.

Gop-dan


Goheung,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá

Hye-ran,

Èmi ìyá ẹ ni mò ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ Gop-dan ló ń kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má fi tiẹ̀ kún un.

O kú ìrọ́jú, ọmọ mi. Pyo jẹ́ ọmọ dáadáa. Ó máa ń pariwo lórí fóònù bí ẹni pé adití ni mí, mo sì fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì parọ́ fún mi, inú bí mi, ó ṣì ń bí mi. Ẹ rò pé ọkàn mi ò ní lè gbà á. Ẹ̀yin lẹ ò mọ ohun tí ọkàn yìí ti gbà. Ní ti aṣọ mi tí ẹ gé, ajẹ́kù ni, kò burú. Ayẹyẹ náà ti parí, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé mi.

Gop-dan ka gbogbo ìwé ẹ fún mi, títí kan ti oúnjẹ ọ̀sán. O béèrè bóyá èèyàn burúkú ni ọ́, kò sí ẹni tó dá ọ lóhùn. Jókòó, kí n sọ̀rọ̀.

Nígbà tí bàbá yín kú, ọmọ ọdún méje ni ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lòkú wà nínú ilé. Ìyá ọkọ mi ní obìnrin tí ọkọ ẹ̀ kú ẹlẹ́ṣẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa rí i tó ń jẹ ẹran. Omi ìrẹsì ni wọ́n ń fún mi. Nínú àgbàlá, wọ́n ń se ọbẹ̀ ẹran màlúù pupa fún àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn. Odindi ọdún kan ni mi ò tíì fi ẹran màlúù kan ẹnu. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, kí wọ́n tó gbé pósí, wọ́n rán mi lọ bu omi sóyà oníyọ̀ lẹ́yìn ilé níbi tí àwọn ìkòkò wà. Wọ́n ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹran kékeré kan àti abọ́ ìrẹsì síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sáàárín ìkòkò, mo da ìrẹsì sínú ọbẹ̀ náà, mo jẹ ẹ́. Mo tún bu ẹ̀ẹ̀kejì. Mò ń gbọ́ tí àwọn tó máa gbé pósí ń dán orin ìsìnkú wò, mi ò dìde. Ó dùn, Hye-ran. Mi ò tíì jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Mo nu ẹnu, mo padà síwájú ilé, mo sunkún títí ohùn mi fi lọ. Ẹkún yẹn kì í ṣe irọ́. Ọbẹ̀ yẹn náà kì í ṣe irọ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹni tó bá ń ríran, á rí oúnjẹ.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gop-dan ti dá bírò dúró báyìí, ó ń wò mí. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ. Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé mi kì í jẹ ọbẹ̀ yẹn níbi òkú kankan, mo máa ń sọ pé inú mi ò gbà á. Irọ́ ni. Inú mi gbà á. Mo fi ń jẹ ara mi níyà ni. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá yín ò mọ̀, kò sì rí èrè kan níbẹ̀.

Tí obìnrin yẹn bá tún wá fọn fèrè, ṣílẹ̀kùn fún un. Bá a lọ, kó o la ẹnu ẹ. Kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìyá Deok-man, kó gbé e wá han gbogbo abúlé. Èmi ni kí wọ́n wá bá.

Lánàá, mo ní kí Gop-dan se ọbẹ̀ yẹn fún mi. Ó sè é dáadáa, ó fi ẹran sí i bó ṣe yẹ. Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu mi, mi ò lè jẹ ẹran náà mọ́. Omi ẹ̀ ni mo mu.

Ìyá ẹ